Ẹni Tó Ń Ké Bí Ọ̀pọ̀lọ́

Ọjọ́ tí Morónkẹ́ kọ́kọ́ wọ kíláàsì náà ni wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé ará Ọ̀họ̀rí ni. Ó kí wọn ní Faransé, ó wá yí i sí Yorùbá kí ara lè tù wọ́n, ni ẹnìkan bá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Abúlé kan lẹ́bàá Pobè ni wọ́n bí i sí, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú, tí ẹrẹ̀ máa ń mu èèyàn dé orúnkún lásìkò òjò. Ìlú Sakété yìí ni ó ti rí iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí, fún ọmọ méjìlélọ́gọ́ta tí wọ́n há mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì.

Ó kọjú sí pátákó láti kọ àkòrí ẹ̀kọ́, ó sì gbọ́ ọ.

"Kọ̀ọ́. Kọ̀ọ́."

Ẹnìkan ń ké bí ọ̀pọ̀lọ́, torí inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ní àwọn ará Ọ̀họ̀rí ń gbé. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí Morónkẹ́ fi máa yíjú padà, gbogbo wọn ti dorí kọ ìwé.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n ké. Ó ní kí gbogbo wọn wà lórí ìdúró fún odindi wákàtí kan, wọ́n ké lórí ìdúró. Ó yọ máàkì méjì kúrò nínú ti olúkúlùkù, àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ náà wá ń lejú mọ́ ọn. Tó bá délé, inú ń bí i débi pé ó ń dá sọ̀rọ̀ nídìí ààrò.

Ọkùnrin tó ń jẹ́ Basile ló ń rí sí ìwà àwọn ọmọ nílé-ìwé náà, ó sì ti lo ogún ọdún lẹ́nu rẹ̀. Ó pe Morónkẹ́ sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé pàṣán kan tó gé lára táyà alùpùpù sórí tábìlì.

"Àbúrò, wọ́n ti mọ̀ pé o kì í na èèyàn," ó ní. "Na ẹnìkan. Ẹnìkan péré. Ìyókù á gbọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ìjọba ní ká má na ọmọ mọ́."

"Ṣé ìjọba ni wọ́n ń ké bí ọ̀pọ̀lọ́ sí, àbí ìwọ?"

Kò gba pàṣán náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn tẹ̀ lé e délé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, oòrùn ti mú páànù orí kíláàsì débi tó ń dún. Morónkẹ́ ń ya ewé sórí pátákó.

"Kọ̀ọ́."

Ó yí bírí. Lórí bẹ́ǹṣì kẹrin, ẹnu ọmọkùnrin kan là sílẹ̀. Yannick ni. Morónkẹ́ kò bèèrè ohunkóhun. Igi gígùn tó fi ń fa ìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi lu ọmọ náà, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta bá a létí, ẹ̀jẹ̀ sì kán sára aṣọ káákì rẹ̀.

Kíláàsì pa rọ́rọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí Morónkẹ́ ti ń wá láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn.

"Mò ń yán ni, Madáàmù," Yannick wí. Kò sunkún. "Mò ń yán ni."

Grâce tó jókòó tì í sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè. "Ita-Djèbou ló ti ń fẹsẹ̀ rìn wá, Madáàmù. Ìdájí ló ń jí láti bá ìyá rẹ̀ rin gbágùúdá."

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá Yannick dé. Ògúnṣínà lorúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ ni. Morónkẹ́ ti múra sílẹ̀ de èébú, ó tilẹ̀ fẹ́ kí ọkùnrin náà bú òun. Ó bá a ní gbangba iwájú kíláàsì, ọkùnrin náà sì ṣí fìlà.

"Madáàmù, ẹ ṣeun tí ẹ nà án," ó ní. "Kó tún wá ṣe báyìí lójú mi." Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè. Yannick kò sá, ó kàn di ojú. Basile sì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìbínú tó gbé Morónkẹ́ lákòókò yẹn, kò rí irú rẹ̀ rí. Ó di ọwọ́ àgbàlagbà náà mú lókè níbẹ̀.

"Ẹ má nà án. Kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́."

"Olùkọ́ kì í ṣẹ ọmọ, Madáàmù."

"Mo ṣẹ̀ ẹ́, Bàbá. Mo nà án láìbèèrè."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Basile. Nígbà tí bàbá náà lọ tán, ó sún mọ́ ọn. "O ti ba ara rẹ jẹ́. Kò sọ́mọ tó máa bọ̀wọ̀ fún ẹ mọ́ níbí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọjá. Mo níṣẹ́."

Ó wọlé, ó sọ fún gbogbo kíláàsì pé òun na Yannick lórí ohun tí kò ṣe, òun sì tọrọ àforíjì. Ó gbé ẹfun ìkọ̀wé fún Grâce. "Láti òní lọ, ẹ̀yin lẹ ó máa kọ ẹ̀kọ́ sójú pátákó, èmi ó máa pè é. Ẹ̀yìn yín ni mo máa wà."

Ọjọ́ kẹta tó dúró lẹ́yìn wọn ló rí i. Èjìká ọmọbìnrin kan gbé sókè, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, igbe náà sì jáde. Arlette ni, ọmọ jẹ́jẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fura sí. Morónkẹ́ dá a dúró nígbà tí àwọn yòókù jáde. Inú ń bí i tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn Ọ̀họ̀rí fi já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ fúnra rẹ̀. Arlette dá a lóhùn, ohùn Ọ̀họ̀rí kan náà ló sì fi dá a lóhùn.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìyá mi. Ará Issaba ni."

"Ìwọ tó o jẹ́ ọmọ Ọ̀họ̀rí, ìwọ lò ń ké bí ọ̀pọ̀lọ́ sí mi?"

"Èmi ni wọ́n ń ké e sí tẹ́lẹ̀, Madáàmù. Láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ dé, wọ́n fi mí sílẹ̀. Mo ní bí èmi náà bá ń ké e, wọn ò ní rántí mi mọ́."

Morónkẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìbínú náà kò lọ, kò kàn mọ ẹni tó máa dà á lé lórí mọ́ ni.

"Inú ṣì ń bí mi sí ẹ," ó sọ níkẹyìn. "O máa gbá kíláàsì yìí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́la, wàá sọ fún Yannick lójú gbogbo wọn pé ìwọ ni. Màá dúró tì ẹ́."

Arlette sunkún, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Nígbà tó parí, Morónkẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ohùn ilé wọn sọ pé ará Ọ̀họ̀rí ni àwọn méjèèjì, kí ẹni tó bá fẹ́ ké kọjú sí àwọn kó ké. Kò sẹ́ni tó ké.

Ariwo kò tán nínú kíláàsì náà, ọmọ méjìlélọ́gọ́ta ni wọ́n. Yannick dárí ji Arlette kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ní ti Morónkẹ́, "Bẹ́ẹ̀ ni, Madáàmù" nìkan ni ọmọ náà ń sọ fún un, kì í wò ó lójú. Bí Morónkẹ́ bá sì ti ń gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì kẹrin kọjá, á rí i tí èjìká ọmọ náà súnkì.