Yunifásítì Tí Mọ́wùnmí Kò Fẹ́

Inú ń bí Mọ́wùnmí burúkú nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé òun àti ọmọ rẹ̀, Tamílọ́rẹ, padà sí ilé wọn ní Thamesmead, ní London. Yunifásítì tí Tamílọ́rẹ fẹ́ wọ̀ ni wọ́n lọ wò. Ọmọ aláwọ̀ dúdú ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, àní ọmọbìnrin tó mú wọn yí ọgbà ká tilẹ̀ kúnlẹ̀ kí Mọ́wùnmí.

"Ọmọ Alágbà ìjọ wa mà ni!" Mọ́wùnmí figbe ta. "Ṣé torí kí o lè lọ jókòó ti ọmọ Alágbà ni mo ṣe ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú nílùú yìí? Èyí tá a lọ wò lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́? Òyìnbó nìkan ló wà níbẹ̀. Ìyẹn ni yunifásítì!"

Ọ̀rọ̀ náà ti sú Tamílọ́rẹ.

"Mummy, ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni ọkùnrin tó wà lẹ́nu géètì ti júwe ọ̀nà tí àwọn cleaner ń gbà wọlé fún yín?"

Mọ́wùnmí yíjú sí i.

"Tamílọ́rẹ, ẹ̀wù kóòtù mi tuntun ni mo wọ̀ lọ síbẹ̀ o!"