Ibi Tó Tutù Lábẹ́ Máńgòrò

Ayọ̀dàmọ́lá, ọmọ mi, kó ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, àwọn ọ̀mọ̀wé, wá sí Ṣakí láti yẹ orí mi wò. Ó ti gbọ́ pé láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, orí sàréè rẹ̀ ni mo ti ń mu ẹ̀kọ láràárọ̀. Bí wọ́n bá ní ara mi kò yá, ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn yá nìyẹn. Bí wọ́n ti dé ló gba yàrá lọ, ó ń di ẹrù mi.

Àwọn mẹ́ta náà lọ jókòó lábẹ́ máńgòrò, sórí sàréè gan-an. Sìmẹ́ńtì lásán ni, a kò tíì kọ orúkọ sí i. Mo lanu láti sọ fún wọn, Olúsọjí, ọ̀kan nínú wọn, ní kí n dúró kí àwọn bi mí léèrè.

"Màmá, ṣé bàbá yín máa ń nà yín ní kékeré?" Lójú tirẹ̀, ìgbà èwe ni gbogbo ìbànújẹ́ ti ń hù.

"Rárá o. Tíṣà ló ń nà wá."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó rí wúrà.

Mọ́ládé, èkejì wọn, pòṣé. "Ẹ̀yin aláàlá! Ó ti mọ́ wọn lára ni. Ibi tí ajá bá ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni yóò máa lọ. Ẹ gbé wọn kúrò nílé yìí, ó parí."

Ajá. Mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, n kò fi ọ̀kan wé ajá rí.

"Èrò wọn ló wọ́," ni Wàhábì, ẹnì kẹta wọn, wí. "Wọ́n rò pé òkú ń bá wọn jẹun."

"Ṣé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ ni?" Mọ́ládé bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tí ẹ ń ní kí aláìsàn kọ èrò rẹ̀ sí bébà kó lè sàn!"

Wọ́n jà títí. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fẹnu kò lé lórí: ẹni tí orí ẹ̀ pé kì í fi sàréè ṣe àga.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ kò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀?"

"Ibí tutù, Màmá." Wàhábì fọwọ́ pa sìmẹ́ńtì náà. "Atẹ́gùn ibí dáa."

"Ládòkun ọkọ mi ló wà lábẹ́ yín. Nítorí atẹ́gùn náà ló ṣe ní ká sin òun síbẹ̀. Àìsàn wo ló ń ṣe ẹ̀yin?"

Mọ́ládé fò dìde bí ẹni tí iná jó. Bébà Olúsọjí fọ́n ká.

Ayọ̀dàmọ́lá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpótí mi. Ó wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó dá àpótí padà sí yàrá. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó síbi tí Mọ́ládé ti dìde.

"Màámi, ṣé ẹ̀kọ ṣì kù?"