Ìka Méjì Lọ́dọọdún

"Ẹ mú abẹ́rẹ́ yẹn wá kí n bá yín fi òwú sí i," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Láti ìgbà tí mo ti jókòó lẹ ti ń gún afẹ́fẹ́."

Aránṣọ na abẹ́rẹ́ náà sí i láìjanpata. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Láti àárọ̀ ló ti ń rán aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó sì délé, aṣọ àwọn oníbàárà tirẹ̀ ló tún kàn. Owó iṣẹ́ alẹ́ yìí ló fi ń rán ọmọbìnrin kan nílé-ìwé ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ọmọ tí ẹgbẹ́ aláàánú kan fi lé e lọ́wọ́ láti kékeré. Wọn ò tíì ríra rí. Fọ́tò ojú ọmọ náà nìkan ni ẹgbẹ́ máa ń fi ránṣẹ́ lọ́dọọdún, aránṣọ á sì rán aṣọ kan fi dá a lóhùn.

"Dókítà ní kí ẹ fi iṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀." Awakọ̀ ni àbúrò rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi àfi bó bá sùn. "Ọmọ tí ẹ ò fojú rí rí, ṣé tìtorí ẹ̀ lẹ fẹ́ fọ́jú?"

"Mo ti gbọ́. Mo ti sọ fún obìnrin ẹgbẹ́ náà pé ó ti rẹ̀ mí. Ó ní kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ fọ́mọ. Wọ́n máa pè nísinsìnyí, a ó sì ríra lójú fóònù."

"Ẹ sì tún ń rán aṣọ fún un."

"Aṣọ ìdágbére ni. Èèyàn ò lè fọwọ́ lásán dágbére fọ́mọ."

Àbúrò rẹ̀ gbé aṣọ náà sókè. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ọrùn rẹ̀ nìkan ló kù. "Báwo lẹ ṣe ń mọ ìwọ̀n rẹ̀?"

"Wọ́n fún mi níbẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìka méjì ni mo máa ń fi kún un lọ́dọọdún. Bí mo ṣe ṣe fún àwọn ọmọ mi nìyẹn, aṣọ wọn ò sì há mọ́ wọn rí."

Fóònù dún. Àbúrò rẹ̀ gbé e ti ara ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọkùnrin kan tó jẹ́ ògbufọ̀ àti ọ̀dọ́bìnrin kan ló yọjú. Aránṣọ ń wo ẹ̀yìn wọn.

"Ọmọ náà dà?"

Ògbufọ̀ rẹ́rìn-ín. "Òun nìyí, Mà."

Ọmọbìnrin náà dìde kí wọ́n lè rí i dáadáa. Orí rẹ̀ bá jáde kúrò nínú fóònù. Ògbufọ̀ sún fóònù sẹ́yìn, ó tún sún un sẹ́yìn, kí ọrùn rẹ̀ tó hàn, orí rẹ̀ ò sì hàn síbẹ̀. Nínú ìdílé aránṣọ, kò sẹ́ni tó ga débi tó ń tẹrí ba kó tó wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò rẹ̀ wí jẹ́jẹ́, "ẹ ti ń fi ìwọ̀n odó dáṣọ fún ọ̀pẹ."

Aránṣọ ò rẹ́rìn-ín. Ó wo aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀. Kò ní kọjá ìdí ọmọ yìí. "Ẹ bá mi bi í bóyá aṣọ mi wọ̀ ọ́ rí."

Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀. Ohùn ọmọbìnrin náà lọ sílẹ̀.

"Ó ní ti àkọ́kọ́ wọ òun," ni ògbufọ̀ wí. "Àwọn yòókù, àwọn àbúrò òun ló ń wọ̀ wọ́n. Ó ní kí ẹ má bínú, ìtìjú ni kò jẹ́ kí òun sọ." Ó tún tẹ́tí sí i. "Ó ní òun kì í kàn gbé e fún wọn. Òun á kọ́kọ́ tú gbogbo ojú rírán rẹ̀, òun á wo bí ẹ ṣe gé e, òun á sì tún un rán pa dà. Ibẹ̀ lòun ti kọ́ṣẹ́. Ọrùn aṣọ nìkan ló ṣì ń yọ òun lẹ́nu, ó máa ń hunjọ."

Ọ̀rọ̀ ìdágbére tí aránṣọ ti ń tò láti àárọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ojú ń ro ó. Ó gbé ọrùn aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀ síwájú fóònù.

"Ẹ sọ fún un pé kó fi sísọ́ọ̀sì rẹ́ etí ọrùn náà díẹ̀díẹ̀ yí ká kó tó yí i pa dà. Kó ṣọ́ra, kó má gé òwú." Ó mí kanlẹ̀. "Ọdún mélòó ló kù fún un nílé-ìwé?"

"Ẹyọ kan, Mà."

"Ẹ bá mi sọ fún un pé ojú mi ò gbé e mọ́. Mi ò lè ránṣọ fún un mọ́. Aṣọ àìgé ni mo máa fi ránṣẹ́. Kó wọn ara rẹ̀, kó rán an fúnra rẹ̀. Kó sì parí ilé-ìwé rẹ̀."

Nígbà tí ọmọbìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó jókòó. Ojú rẹ̀ tún pa dà sínú fóònù.

Lẹ́yìn tí wọ́n pa fóònù, àbúrò ní, "Ẹ ò dágbére. Níbo lowó ilé-ìwé ti máa wá? Ṣé iṣẹ́ alẹ́ yìí náà ni?"

"Rárá o, mo ti fi í sílẹ̀. Màá yọ ìdajì rẹ̀ nínú owó iṣẹ́ ọ̀sán mi. Ìwọ lo máa san ìdajì tó kù."

"Èmi kẹ̀? Èmi tí táyà mi ti pá bí orí bàbá wa?"

"Ọjọ́ ti pẹ́ tó o ti ń fẹnu bá mi tọ́ ọmọ yìí. Ọdún kan ló kù, fi àpò bá mi tọ́ ọ."

Ó kùn, ó họrí, ṣùgbọ́n kò ní òun ò ṣe. Aránṣọ ká aṣọ ìdágbére náà lé orí òdidi aṣọ kan tí kò tíì gé.

"Ẹ ò ní parí ọrùn rẹ̀ ni? Ẹ gba abẹ́rẹ́ yín, mo ti fi òwú sí i."

"Fi gún ara aṣọ náà," ni aránṣọ wí, ó sì pa ojú rẹ̀ dé. "Ọmọ yẹn ló máa fi parí ọrùn rẹ̀."