Orúkọ Tí Alága Kò Fẹ́ Tẹ̀

Ọdún kọkànlá rèé tí Olówòkéré, alága ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Mahintedo, ti pe orúkọ Ísákì gbẹ̀yìn. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ Olówòkéré, bàbá náà ń rìn lórí afárá pákó tòun ti agbádá funfun, ni pákó bá yẹ̀, ó di inú ẹrẹ̀. Gbogbo àna kígbe, "Yéè!" Ísákì nìkan ló rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Olówòkéré búra pé òun kò ní dárúkọ rẹ̀ mọ́; "ẹni yẹn" ló ń pè é, kódà nínú àdúrà.

Ìbínú yìí ló gbé e dé iwájú kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tí èrò ń lọ ṣe àjọ̀dún ìjọ ní Oríòkè-Ìwàmímọ́. Inú kọ̀ǹpútà ni àtòkọ wà, èyí tó ń sọ ọkọ̀ tó kàn láti gbérò. Látìgbà tí àwọn ọlọ́kọ̀ ti jà nítorí èrò, tí wọ́n fi àjẹ̀ ìtukọ̀ la orí ara wọn, wọ́n ti ṣe é lófin pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ tú okùn kí akọ̀wé tó ka àtòkọ síta. Ọkọ̀ Olówòkéré ló ṣáájú lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Ísákì, tó ti ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Wárì rí, ló dá fáìlì náà sílẹ̀ fún ẹgbẹ́, ó sì láṣẹ láti tún un ṣe.

"Ẹni yẹn á gbé mi sẹ́yìn," ni Olówòkéré wí.

Rejoice, akọ̀wé wọn, ti kọ àṣẹ ìlà mẹ́ta pamọ́, tí wọ́n fi ń ti fáìlì mọ́ ẹni tí wọn kò fẹ́. Ó ku kéèyàn tẹ orúkọ onítọ̀hún sí àyè tó ṣófo. Rejoice lọ ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Olówòkéré jókòó, ó gbé ìka sókè. Ìka kọ̀. Kó búra tán, kó tún wá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ọ̀hún? Ó rò ó síwá sẹ́yìn, ó tẹ "ẹgbẹ́-ọlọ́kọ̀", orúkọ tí kọ̀ǹpútà fi ń pe gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pọ̀. Ṣebí inú ẹgbẹ́ ni ẹni yẹn wà? Ta ló sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ alága?

Kọ̀ǹpútà ní òun ti ṣe é. Olówòkéré ní kí òun ṣí àtòkọ wò. Kọ̀ǹpútà ní kò láṣẹ. Ó gbá a létí bí ẹní gbá rédíò. Kò láṣẹ.

Rejoice wọlé. "Bàbá Alága, kí lẹ tẹ̀? Háà! Ẹ ti ti gbogbo wa síta!"

"Èmi ni alága!"

"Kọ̀ǹpútà ò mọ alága, sà. Inú ẹgbẹ́ lẹ wà, èmi náà wà níbẹ̀. Ẹni tó dá fáìlì náà nìkan ló lè ṣí i báyìí. Òun nìkan ni kọ̀ǹpútà kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀, bó tiẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́."

Níta, Jóṣúà ọlọ́kọ̀ ń pariwo: "Tó bá di aago mẹ́jọ tá ò gbọ́ àtòkọ, ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kọ́kọ́ jí ló ń lọ!" Ẹ́ńjìnnì Olówòkéré kì í jí láìjẹ́ pé wọ́n fa okùn rẹ̀ títí apá fi ro wọ́n. Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ísákì ń tún àwọ̀n ṣe níwájú ilé rẹ̀, lódìkejì omi. Rejoice ké sí i.

"Ta ló ń wá mi?"

"Alága ni, sà!"

"Alága lẹ́nu. Kó pè mí."

Olówòkéré jáde. "Ìwọ!" Ísákì wo ẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíì wà níbẹ̀.

"Bàbá Princess!"

"Princess ti lọ sí Àkúrẹ́."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ní, "Alága, ẹ dárúkọ ọkùnrin yìí, àdúrà là ń lọ gbà!" Jóṣúà ti di okùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mú.

"Ísákì!" Ó jáde bí eegun ẹja tó há lọ́fun.

Ísákì tukọ̀ bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó jókòó, ó tẹ ìlà kan péré. Àtòkọ ṣí. Olówòkéré ló ṣáájú, bó ṣe wà láti àná.

"O ò fọwọ́ kàn án?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti ṣe é, ìwọ nìkan ni mo rí tó fọwọ́ kàn án."

Rejoice ka àtòkọ síta. Nígbà tí ọkọ̀ Olówòkéré dé àárín omi, obìnrin tó ní kó dárúkọ Ísákì kí i kú oríire pé àlàáfíà ti dé láàárín wọn.

"Àlàáfíà wo?" ni Olówòkéré wí. "Ẹ ò rí i bó ṣe ń fà bí ìgbín nígbà tí mo pè é? Mi ò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé."