Agẹrun Tí Etí Rẹ̀ Kò Sinmi

Ẹ má tíì dá agẹrun yìí lẹ́bi. Lóòótọ́, ó ti tó ọdún méjì tí ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé kó bá òun gé irun díẹ̀ ti ń jáde pẹ̀lú orí tó ń dán. Wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Tirẹ̀, níṣojú olórí gan-an ló ti ń fá a, kí olórí sì tó mọ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Etí rẹ̀ ló fà á. Nǹkan kan ń hó níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, híín, híín, bí omi tó ń gbóná nínú kẹ́tùlù. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní kò sí ohun tí òun lè yọ kúrò níbẹ̀, kó má kà á sí, kó sì máa jẹ́ kí ìró díẹ̀díẹ̀ wà nítòsí rẹ̀. Agẹrun dúpẹ́, ó sì fi ìbínú lọ sílé. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ṣàìka ayálégbé tó ń súfèé nínú orí ẹni sí?

Òun fúnra rẹ̀ ló rí ohun tó ń ràn án lọ́wọ́. Bó bá ti tan kílípà, tó sì tẹ̀ mọ́ orí oníbàárà, ariwo kílípà á gbé ariwo etí mì, ara rẹ̀ á sì balẹ̀. Bó bá pa á, híín. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í fẹ́ pa á, irun ló sì ń jìyà rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ta ni yóò na ọrùn fún un tòun ti abẹ lọ́wọ́? Ó sàn kí wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ ju kí wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Àwọn oníbàárà ń sá lọ. Àwọn tó kù kò ju ọmọ ọwọ́ tí kò lè fẹjọ́ sùn lọ, àti ọlọ́pàá àtijọ́ kan tí orí rẹ̀ ti pá tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ pé irùngbọ̀n nìkan ló ń gbé wá.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, tó jẹ́ aránṣọ, wá bá a láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó rẹ̀.

"Bàbá, ọkọ mi ní ẹ̀yin lẹ máa gẹ irun òun. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Ó ní àbùkù ni kóun lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì nígbà tí bàbá ìyàwó òun jẹ́ agẹrun."

"Ọmọ tó ní làákàyè ni."

"Ẹ gbọ́ mi ná. Tẹ́ ẹ bá fá a, mo máa ti ṣọ́ọ̀bù yìí, màá sì kó yín wá sílé mi. Màá ti mọ̀ nígbà yẹn pé ó ti tó àkókò kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀."

Agẹrun rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀, òun àti híín nìkan ni yóò jọ máa wo ara wọn nínú yàrá.

Ọkọ ìyàwó dé lọ́sàn-án. Tíṣà ìṣirò ni, irun rẹ̀ kún dúdú, ó sì là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gbọọrọ bí ẹni fi rúlà fà á. Ó kí àna rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó jókòó.

"Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ nìkan ni, Bàbá. Díẹ̀ báyìí."

Agẹrun ti pinnu pé sísọ́ọ̀sì ni òun yóò lò. Ó gé apá ọ̀tún, ó sì gé e dáadáa. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ rọ́rọ́, etí wá rí àyè. Ó hó, ó hó, títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun yóò kàn fi kílípà tọ́ ẹ̀yìn ọrùn. Ẹ̀yìn ọrùn nìkan.

Ó tan án, àlàáfíà dé. Ó rántí ìgbà tí ọmọ rẹ̀ wà ní kékeré, tó máa ń kó irun jọ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, tó ní òun fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí bèbí òun. Inú rẹ̀ ń dùn, ọwọ́ rẹ̀ sì ń lọ. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí: tíṣà tẹjú mọ́ dígí, ó ń wo irun rẹ̀ bó ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún bàbá ìyàwó rẹ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́ nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la? Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Agẹrun kò gbọ́. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, apá òsì ti lọ pátápátá.

Ó pa kílípà. Àwọn méjèèjì jọ wo dígí.

"Bàbá," tíṣà sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "àbí ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá mo ní sùúrù ni?"

"Sùúrù rẹ ti pọ̀ jù, ọmọ mi. Jẹ́ kí n fá ìyókù, kó lè dọ́gba."

Ó fá a tán, ó ń gbọn irun kúrò lọ́rùn tíṣà lọ́wọ́ ni ọmọ rẹ̀ wọlé. Ó rí orí ọkọ rẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n fá a," tíṣà sáré wí. "Ooru ló mú mi."

"Ìwọ? Ìwọ tí o kì í lọ da pàǹtí nù láìkọ́kọ́ yarun?"

Irọ́ náà wà nílẹ̀, ó sì lè gba agẹrun là. Bó bá ti dákẹ́, ṣọ́ọ̀bù ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ọmọkùnrin náà tó jókòó pẹ̀lú orí bí ẹyin, tó ń parọ́ nítorí rẹ̀, ojú sì tì í kọjá ohun tó lè fara dà.

"Irọ́ ló ń pa," ó ní. "Etí mi ló ń hó. Ó ti tó ọdún méjì. Kílípà nìkan ló ń bò ó mọ́lẹ̀, ìyẹn ni n kì í fi í lè dúró. Mo ń bẹ̀rù pé ẹ máa ní orí mi ti dàrú."

Ọmọ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Inú bí i, àánú sì ṣe é, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ sọ.

"Mo rò pé ọjọ́ ogbó ló dé, Bàbá. Mo ti ń sunkún yín láti ọjọ́ wo, ẹ sì ń wò mí níran." Ó nu ojú. "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ká má tíì wá sọ orí olórí. Ṣé ó di dandan kó kan irun ni? Ẹ ò lè tan kílípà àtijọ́ yẹn sílẹ̀ lórí tábìlì kó máa dún, kẹ́ ẹ wá fi sísọ́ọ̀sì gẹrun?"

Agẹrun wò ó. Kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí, pẹ̀lú gbogbo orí tó ti bàjẹ́ ládùúgbò.

"Iná á máa jó lásán," ó ní.

"Kó máa jó." Ó dìde, ó tọ́ka sí àga àwọn oníbàárà. "Ẹ jókòó. Ọkọ mi nìkan kọ́ ni orí rẹ̀ máa dán nínú fọ́tò lọ́la."

Ewú orí agẹrun pọ̀, ó sì ń fi yangàn. Ó fọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó. Tíṣà ló so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì hàn pé inú rẹ̀ dùn sí i gan-an. Ọmọ rẹ̀ mú kílípà, ó tan án. Híín inú etí rì lọ sísàlẹ̀, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ sì di orí rẹ̀ mú pẹ̀lẹ́, ó gbóná. Ewú ń já bọ́ sórí itan rẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọmọ rẹ̀ ní ó ti fẹ́ẹ́ tán.

"Má kánjú," agẹrun wí, ojú rẹ̀ ti pa dé. "Tún ẹ̀yìn yẹn wò dáadáa."