Ẹni Tó Ń Gbá Èémí Ìjì

Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Òwe yìí ni ìyàwó Gbálẹ̀ máa ń pa nígbà tí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ àti ti àbúrò rẹ̀ kò tíì kọjá àtúnṣe. Nígbà tó bàjẹ́ tán, kò pa òwe mọ́.

Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé wọn láyé ìgbà yẹn, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá wọ inú rẹ̀, àfi bí ẹni wọ inú ìrọ̀rí. Gbálẹ̀ fi tìmùtìmù àlòkù bo ògiri, ó sì fi àjákù aṣọ di gbogbo ihò, nítorí aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, àjákù kì í wọ́n wọn. Nígbà mìíràn, obìnrin náà á wọlé nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́, á fa aṣọ aláwọ̀ ewé kan yọ lára ògiri, á ní òun ti ń wá a láti àárọ̀.

"O ti dá ògiri mi lu," ni ọkọ á wí.

"Ògiri yín ló kọ́kọ́ jí aṣọ oníbàárà mi."

Ibẹ̀ ni Gbálẹ̀ ti ń gba ohùn àwọn olórin rápù sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ ní Gbálẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Bí ohùn bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà, á hàn lójú rẹ̀ bí òkè kéékèèké tó tò tẹ̀ lé ara wọn, èémí olórin á sì hù sáàárín wọn bí koríko. Gbálẹ̀ á fà á tu lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ á fi mọ́. "Èémí nínú orin, ìdọ̀tí ni," ló máa ń wí. Ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí débi pé bí èèyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, ìka rẹ̀ á máa jà á láti gé ibi tí onítọ̀hún ti ń mí.

Nínú gbogbo olórin tó ń wá síbẹ̀, Ìjì, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ló lókìkí jù. Èébú ni Ìjì ń fi kọrin. Á bú èèyàn lórí, á bú u nímú, á bú u dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rán kọ́là ẹ̀wù sí i lọ́rùn, kò sì ní mí lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ àdúgbò á fi etí lé rédíò, wọn á máa ṣọ́ ibi tó ti máa mí, títí orin á fi parí. "Ṣé ẹja ni ọkùnrin yìí ni?"

Kì í ṣe ẹja. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni Ìjì máa ń sọ nínú yàrá yẹn, á mí bí ẹni tó gun òkè dé, á tún sọ díẹ̀. Gbálẹ̀ ló ń gbá a, tó ń so ó pọ̀, tó fi wá dà bí ìjì lóòótọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan ló mọ̀. Bí ó bá sì lọ kọ ọ́ lójú agbo, ẹ̀rọ ni yóò máa gbé ohùn àtijọ́ sí i lábẹ́, tí òun á máa fi ẹnu tẹ̀ lé e.

Ó wá di ọjọ́ kan, ẹ̀rọ náà kú lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ó ku Ìjì àti ẹnu rẹ̀. Orin kìíní kò tíì dé ìdajì tó ti tẹ̀ kọ́ọ́kọ́ọ́, tó di orúnkún mú, tó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn ni ike omi bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ bá a háyà ẹni tó máa bá a mí."

Ìjì wọlé, kò jáde fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó máa padà sí yàrá tìmùtìmù, orin tó fẹ́ fi ṣe àwo tuntun ló mú bọ̀, kò sì sí èébú kankan nínú rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀. Ìlù tó wà lábẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí.

Gbálẹ̀ gbọ́ orin kan, ó yọ agbọ́rọ̀ létí. "Kí lèyí?"

"Àwo tuntun ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé ìkéde òkú ni?"

"Orin ni."

"Orin wo ló ń rìn bí ẹni tí bàtà ń há lẹ́sẹ̀ báyìí?"

"Ẹ ṣáà gbà á sílẹ̀ fún mi. Ohun kan tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ má gbá a. Gbogbo èémí ni kí ẹ fi sílẹ̀."

"Kí àwọn èèyàn lè máa gbọ́ bó o ṣe ń mí bí ewúrẹ́ abiyamọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kí wọ́n máa gbọ́ ọ."

Gbálẹ̀ gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò wálẹ̀. Ohun tó ń dùn ún kò ṣeé sọ lóde. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń yin Ìjì, òun náà máa ń jókòó sínú yàrá rẹ̀, á gba ìpín tirẹ̀ nínú ìyìn náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ọjọ́ tí Ìjì bá mí sí etígbọ̀ọ́ ayé, ìpín náà tán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin wọn jáde máa wá gbọ́ àwo náà, ìyàwó ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Gbálẹ̀ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó yọ èémí ẹyọ kan. Ẹyọ kan kò pa èèyàn. Ó yọ ìkejì, kí ìkíní má baà dá wà. Nígbà tí oòrùn á fi dé ojú fèrèsé, àwo náà ti mọ́ bí abọ́ tí ajá lá. Ó wá sún gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n ń sáré. Ó fi èyí tí kò gbá pamọ́, nítorí oníṣẹ́ gidi kì í ju ìpìlẹ̀ nù, ṣùgbọ́n èyí tó gbá ló gbé kalẹ̀. Lọ́kàn rẹ̀, ọmọ tó fẹ́ bọ́ sódò ni òun fà padà.

Ọ̀gá dé lọ́sàn-án pẹ̀lú òórùn lọ́fíńdà rẹ̀. Ìjì jókòó, aránṣọ náà wọlé pẹ̀lú iṣẹ́ lọ́wọ́. Gbálẹ̀ tẹ orin. Orí ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. "Ìjì ti padà dé," ló wí.

Ìjì dìde, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ̀rọ. "Èémí mi dà?"

"Mo bá ọ tún un ṣe ni."

"Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo ní kí ẹ má gbá a."

"Gbígbá ni mo gbá a. Ta ló sọ ọ́ di Ìjì? Ṣé ẹnu rẹ ni? Ẹnu tí mo mọ̀ yìí kò lè sọ gbólóhùn kan dópin kó má bẹ̀bẹ̀ omi. Èmi ni Ìjì."

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Kí lẹ wí?"

Ìjì kò wo ọ̀gá. Ó nawọ́ sí igun tí máíkì wà. "Ó dáa. Ìwọ ni Ìjì. Wọ ibẹ̀ lọ."

"Ọkọ mi lò ń pè ní 'ìwọ'?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Òun náà ni. Kó ka ẹsẹ̀ kìíní bó ṣe gé e. Bó bá kà á dópin láìmí, kó gba àwo náà, kó gbá a dọ́run. Bí kò bá lè kà á, kó fún mi ní tèmi."

Ọ̀gá ń wò ó. Gbálẹ̀ wọ igun náà lọ, ó gbé ìwé sójú. Aránṣọ fi aṣọ sílẹ̀, ó bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà, ó sì tẹ ibi tí wọ́n fi ń gba ohùn. Ó ti mọ̀ ọ́n tẹ̀ tipẹ́.

Gbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ká má parọ́. Ó kà á wàràwàrà bó ṣe wà nínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó yá, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn lórí. *Mo ti bú gbogbo àdúgbò tán, ó ku èmi nìkan, mo wo dígí…* Ibẹ̀ ló ti tán nínú rẹ̀. Ó ya ẹnu, ó sì mí, èémí kan tó gùn, tó ń hán lọ́nà ọ̀fun, bí ẹni tí wọ́n fà yọ lódò. Kò lè dá a dúró. Ó di igi máíkì mú, ó ń mí.

Ìjì kò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó Gbálẹ̀ ló rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi àjákù aṣọ bo ẹnu.

"Ohun tí ẹ ń rán mi lọ ṣe lójú agbo látọjọ́ yìí nìyẹn," ni Ìjì wí.

Ọ̀gá gbé bàgì rẹ̀. "Ìjì lẹ tà fún mi. Èyí, atẹ́gùn lásán ni." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí Gbálẹ̀ rí ohùn gbé jáde, ó ní, "Kó ẹrù rẹ kúrò nílé mi."

"Ilé tèmi náà ni," ni ìyàwó wí, "ṣùgbọ́n á kó o." Ó wá èyí tí ọkọ rẹ̀ kò gbá, ó dà á láti inú kọ̀ǹpútà sínú fáláàṣì fún àbúrò rẹ̀. Ó da ohun kan mọ́ ọn tí kò sọ fún ọkọ rẹ̀.

Gbálẹ̀ àti Ìjì ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ló gbé àwo náà jáde. Gbálẹ̀ ò gbọ́ ọ, ó ní òun ò ní í gbọ́ ọ. Orí ìjókòó onígbàjámọ̀ ló wà, aṣọ funfun lọ́rùn rẹ̀, nígbà tí rédíò inú ṣọ́ọ̀bù náà gbé e sáfẹ́fẹ́. Èémí ló kọ́kọ́ jáde, ó gùn, ó ń hán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn Ìjì tẹ̀ lé e, díẹ̀díẹ̀.

"Wọ́n ní Ìjì ló ń mí yẹn," ni onígbàjámọ̀ wí. "Mi ò gbà. Èémí àgbàlagbà ni. Ẹ gbọ́ bí igbá àyà rẹ̀ ṣe ń dún."

"Ìjì ni," ni ẹnìkan tó jókòó sẹ́yìn wí. "Ìyà ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀."

Lábẹ́ aṣọ funfun, ìka Gbálẹ̀ ń wá ohun tó máa fi gé e.

"Pa á," ló wí.

"Orin tó dùn báyìí, bàbá?"

"Mo ní kó o pa á."

Onígbàjámọ̀ pa á. Ṣọ́ọ̀bù náà pa rọ́rọ́, èémí náà kò sì dákẹ́. Ó gùn, ó ń hán, láti inú aṣọ funfun wá. Onígbàjámọ̀ gbé abẹ kúrò lórí rẹ̀, ó ń wò ó. Gbálẹ̀ wo dígí, ó pa ẹnu dé, ó ń fi imú mí.