Ẹ Kú Àná, Lẹ́yìn Ọdún Méjìlélógójì

Ìyá mi ò jẹ́ kí n sinmi. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń sọ ọ́: "Mùjídàt, gbé mi lọ sókè Jọ́ọ̀sì. Mi ò tíì kí obìnrin yẹn kú àná."

Àná wo? Àná ọdún méjìlélógójì sẹ́yìn!

Ọmọ oṣù mẹ́ta ni mí nígbà náà. Bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ń ta aṣọ ní abúlé kan lẹ́yìn Jọ́ọ̀sì. Wọ́n wálé, àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, ni ẹbí bá ránṣẹ́ pe ìyá mi. Ibi tí ìyá mi ti ń sọdá odò láti lọ wọ mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́, èmi sì wà lẹ́yìn wọn, ni omi ti gbé wa. Obìnrin kan tó ń fọṣọ létí odò ló bẹ́ sómi, ó fà wá jáde, ó gbé wa lọ sílé, ó sì dáná fún wa yá. Ìdájí ọjọ́ kejì ni mọ́tò fun fèrè. Ìyá mi sáré wọ̀ ọ́, obìnrin náà ṣì ń sùn. Bàbá mi kú lọ́sẹ̀ yẹn, ìyá mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́.

"Ṣebí ẹ dúpẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà," ni mo máa ń sọ.

"Tọjọ́ kejì ńkọ́? Ta ló kọ́ ẹ nílé? Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Tó bá kú kí n tó débẹ̀, ṣé bí olè ni kí n kú?"

Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́ tíṣà, inú ń bí mi, mo gbé ọkọ̀ Síẹ́nà mi. A kúrò ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá mi ra máńgòrò apẹ̀rẹ̀ méjì. Mo ní yóò jẹrà lọ́nà. Wọ́n ní kí n gbájú mọ́ ọkọ̀ tí mò ń wà.

Lọ́jọ́ kejì, bí a ṣe kọjá Jọ́ọ̀sì, àwọn òkè kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, orí wọn jìn wọnú bí ìgbà tí èèyàn dá ihò sáàrin ìyẹ̀fun kó tó bu omi sí i. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé. N ò mọ ìgbà tí mo pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo ṣàlàyé fún ìyá mi pé iná ló ti abẹ́ ilẹ̀ yọ jáde níbẹ̀, pé òun ló sọ ilẹ̀ náà di dúdú.

"Ó ti tó ọdún mélòó?"

"Kò lóǹkà, Mà."

"O ṣì dúró wò ó. Tèmi ò ju méjìlélógójì lọ."

Mo tún ṣíná sí ọkọ̀.

A fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbi afárá, a rìn tẹ̀lé etí odò láàrin òkúta dúdú tó ní ihò wẹ́wẹ́. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú ṣinṣin. Níbi kan, wọ́n dúró. "Ibí ni."

Mo wo omi náà. Àṣé èmi gan-an ni wọ́n fà jáde níbẹ̀. Ìtàn ìyá mi ni mo ti ń pè é látọjọ́ yìí.

Obìnrin tó fà wá jáde, Màmá Nanret, ṣì wà láàyè! Wọ́n jókòó síwájú ilé, wọ́n ń bó ọ̀dùnkún. Ìyá mi, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ dúdú náà. Wọ́n fi Haúsá wọn tó ti dípẹtà kí Màmá kú àná.

Màmá Nanret wò wọ́n títí. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Ọmọ náà ńkọ́?" Ìyá mi ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà.

Ìyá mi nàka sí mi. Ẹkún ni mo bú sí, èmi tí mo ń kùn láti Ọ̀yọ́ wá.

Ibẹ̀ la sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí ìyá mi tó bọ́jú, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Màmá Nanret.

"Ẹ kú àná o, Mà. Ẹ ṣeun."

Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, n ò gbọ́ Haúsá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì mú máńgòrò kan fún mi nínú èyí tí a kó wá.